Ọkọ̀ Tó Fúyẹ́: Láti Páànù Òrùlé Dé Ojú Ìje Rouen

 

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ bí ọkọ̀ tuntun bá forí sọ nǹkan tí iwájú rẹ̀ sì rún wómúwómú. Wọ́n á ní, “Ẹ wo agolo mílíìkì! Ṣé ọkọ̀ nìyí? Peugeot 404 ni ọkọ̀.” Àwọn ọ̀dọ́ wa gba ọ̀nà tiwọn lọ. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ tôlier, ẹni tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní panẹbítà, pé kó bá àwọn gé èyí kúrò, kó bá àwọn yọ tọ̀hún, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kó lè sáré, kó má sì mu epo púpọ̀. Àgbà ń bẹ̀rù irin fẹ́lẹ́, ọmọdé ń sá fún irin tó nípọn. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn tó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, òkú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tó lè ya àwọn àgbà lẹ́nu. 404 tí ẹ ń yìn yẹn, tó jáde ní 1960, kò wọ̀n ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Toyota Corolla àkọ́kọ́, ti 1966, jẹ́ kìló 700 àti díẹ̀. Corolla tí wọ́n ń ṣe láyé òde òní ti kọjá kìló 1,200. Agolo mílíìkì yẹn ló wúwo jù! Ohun tó wúwo nínú rẹ̀ kò hàn sójú ni: ọ̀pá irin inú ilẹ̀kùn, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú nígbà ìjàǹbá, ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ tutù, wáyà oríṣiríṣi. Páànù ìta tí ẹ ń fi ọwọ́ tẹ̀ kì í ṣe egungun ọkọ̀, awọ ara rẹ̀ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ìtàn yìí dá lórí ìyàtọ̀ awọ àti egungun.

Ìdí tí ìwúwo fi ṣe pàtàkì kò le. Ẹ wo obìnrin tó ru àpò gaàrí kan lọ sọ́jà. Bí ẹ bá bá a sọ ọ́ di ìdajì, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yá nìkan. Yóò rọrùn fún un láti dúró lójijì, láti yà fún zẹmijan tó ń bọ̀ láìfun fèrè, yóò sì délé láìmu omi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ kìló 500 ń fẹ́ ìdajì agbára tí ọkọ̀ kìló 1,000 ń fẹ́ kó tó gbéra, ìdajì náà ni bíréèkì rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ kó tó dúró. Ẹni tó bá dín ìwúwo kù ti ran ẹ́ńjìnnì, bíréèkì àti táyà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì ńlá ran ẹyọ kan péré lọ́wọ́, ó sì dá kún ìṣòro àwọn méjì yòókù.

Ẹni tó mọ èyí dáadáa ní ilẹ̀ Faransé ni Pierre-Jules Boulanger. Nígbà tí Citroën jẹ gbèsè wọlé ní 1934, àwọn Michelin tó ń ṣe táyà ló gbà á, Boulanger sì wà lára àwọn olórí tí wọ́n fi síbẹ̀. Ní 1936 ó pe àwọn oníṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ ọkọ̀ fún àgbẹ̀. Ó ní kó lè gbé àgbẹ̀ méjì tó wọ bàtà onígi, pẹ̀lú kìló 50 ànàmọ́ òyìnbó, kó máa sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, kó má sì mu ju lítà mẹ́ta lọ ní kìlómítà 100. Ó tún ní bí wọ́n bá gbé agbọ̀n ẹyin sínú rẹ̀ tí wọ́n sì wà á gba inú oko tí wọ́n ti tú ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, ẹyin kan kò gbọdọ̀ fọ́. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà ni TPV, Toute Petite Voiture, ọkọ̀ kékeré pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wa ọkọ̀ láti Kétu lọ sí abúlé lásìkò òjò, ẹ mọ ohun tí Boulanger ń béèrè. Ojú ọ̀nà oko ilẹ̀ Faransé nígbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa.

Lítà mẹ́ta kò lè gbé ọkọ̀ wúwo rin kìlómítà 100. Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọkọ̀ náà láṣọ. Wọ́n fi aṣọ líle ṣe òrùlé rẹ̀. Wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì fi magnésíọ̀mù, irin kan tó fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù lọ, ṣe àwọn ẹ̀yà mìíràn. Àga inú rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ láti òkè bí ìbùsùn tí wọ́n ń so sáàárín igi méjì. Iná iwájú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo! Òfin ìgbà náà kò béèrè ju ẹyọ kan lọ, kí ni wọ́n wá ń fi ìkejì ṣe? André Lefèbvre ni olórí àwọn oníṣẹ́ náà. Ó ti bá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó bá sì ti ṣe ọkọ̀ òfuurufú kì í fi gíráàmù kan ṣeré.

Ní 1939 wọ́n ti ṣe bí 250 nínú ọkọ̀ náà, wọ́n ń múra láti gbé e jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ti Paris ní oṣù kẹwàá. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án. Wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì fi díẹ̀ pamọ́ kí àwọn ará Jámánì má bàa rí i. Wọ́n tọ́jú àwọn kan débi pé nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mẹ́ta nínú àká kan ní La Ferté-Vidame, níbi tí Citroën ti máa ń dán ọkọ̀ wò.

Lẹ́yìn ogun, owó alumíníọ̀mù ti gbówó lórí ju ti àgbẹ̀ lọ. Ó di dandan kí wọ́n padà sí irin. Irin sì wúwo, àfi tí ó bá fẹ́lẹ́. Bí ó bá sì fẹ́lẹ́, ó máa ń tẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Ẹ gbé ojú sókè, ẹ wo òrùlé yín.

Páànù tó wà lórí ilé wa ní Àjàṣẹ́ àti ní gbogbo abúlé wa, kí ló dé tó fi ń lọ sókè-sódò bí ìgbì omi? Ọ̀pọ̀ rò pé kí òjò lè ṣàn nínú rẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ni pé ìgbì yẹn ló ń fún un ní agbára. Mo máa ń fi bébà ìwé àjákọ kan han àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo gbé e lé orí ìwé méjì tó jìnnà síra bí afárá, mo gbé ṣọ́ọ̀kì kan lé e, ó wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo wá ká bébà kan náà bí abẹ̀bẹ̀, mo gbé e padà, ó gbé ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta, ó gbé mẹ́rin. Bébà kò nípọn sí i, ìwúwo rẹ̀ kò yí padà, bí wọ́n ṣe ká a ló yàtọ̀. Hugo Junkers ará Jámánì ti fi ọgbọ́n yìí ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, F 13, ní 1919. Citroën náà fi ṣe kápò ọkọ̀ àgbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni 2CV ṣe jáde ní ìpàtẹ Paris ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1948, kápò rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí páànù òrùlé. Àwọn oníròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwúwo rẹ̀ kò ju bí kìló 500 lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́ta 375, agbára ẹṣin 9. Títí di ìparí 1960 ni kápò onígbì yẹn fi wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ìgbì rẹ̀ kò pọ̀. Wọn kò dáwọ́ 2CV dúró títí di 1990, ní Mangualde ní ilẹ̀ Potogí. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti kú ṣáájú rẹ̀. Boulanger náà kò pẹ́ láyé: ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 1950, nínú Citroën Traction.

Níbí ni ìtàn náà ti kàn wá gan-an, ó sì ń dùn mí pé kò sí nínú ìwé ìtàn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ní Abidjan, ní 1963, àwọn kan mú ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ 2CV, wọ́n da gbogbo ara rẹ̀ nù, wọ́n sì fi páànù irin tí wọ́n gé tí wọ́n sì tẹ̀ ṣe ara tuntun fún un. Wọ́n fi nọ́ọ̀tì àti bóòlù dè é pọ̀. Kò sí dígí ẹ̀gbẹ́, kò sí ohun tó ń ṣe roboto. Wọ́n pè é ní Baby-Brousse. Ẹ̀rọ ńlá olówó iyebíye tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó fi ń tẹ irin kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n nílò kò ju ohun tí a fi ń gé irin, èyí tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá lọ. Bí ilẹ̀kùn kan bá tẹ̀, ẹ tú bóòlù, ẹ gé páànù tuntun, ẹ dè é padà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Citroën, ilé iṣẹ́ ńlá, ló wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Abidjan. Irú ọkọ̀ onípáànù títẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Vietnam, wọ́n pè é ní La Dalat; ó jáde ní Chile, wọ́n pè é ní Yagán. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1970, Citroën gbé FAF jáde, Facile à Fabriquer, Facile à Financer, ìyẹn ni pé ó rọrùn láti ṣe, ó rọrùn láti náwó lé. Wọ́n ṣe é ní Guinea-Bissau, ní Senegal àti ní àwọn ibòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe àwọn tôlier wa ní aláìmọ̀wé, ẹ rọra.

Ní Faransé fúnra rẹ̀, ike ni wọ́n lò. Méhari ti 1968 jẹ́ 2CV tí wọ́n wọ aṣọ ike fún, ike tí àwọ̀ ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, tí kò sì nílò ọ̀dà. Roland de La Poype tó ronú rẹ̀ ti fi ọkọ̀ òfuurufú jagun rí. Ìwúwo Méhari kò tó kìló 600. Ẹ lè fi omi fọ inú àti ìta rẹ̀ bí ẹni fọ abọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ike yẹn, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, ó ń gan bí ẹní gbígbẹ. Bí iná bá mú un, ó máa ń jó.

Ó yẹ ká kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó fi ìfúyẹ́ ọkọ̀ ṣe ẹ̀sìn wà. Colin Chapman jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní London, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò agbára irin ilé àti afárá. Ní 1948 ó mú Austin Seven àtijọ́ kan, ọkọ̀ kékeré tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn, ó gbé e sínú ilé ìkọ́kọ̀sí kan lẹ́yìn ilé àwọn òbí Hazel, ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Ó bọ́ ara ọkọ̀ náà kúrò. Ó fi pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ alumíníọ̀mù mọ́ ṣe ara tuntun fún un. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ara tuntun yẹn kò kàn bo ọkọ̀ lásán. Chapman ṣe é kí ó máa bá ṣáàsì ru ẹrù, bí ògiri ilé ṣe ń ru òrùlé. Awọ di egungun. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní Lotus àkọ́kọ́. Hazel fi owó rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ nígbà tí Lotus di ilé iṣẹ́, ó sì di aya rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde nínú ìtàn náà tó bó ṣe yẹ.

Láti inú ilé ìkọ́kọ̀sí yẹn, Chapman lọ jìnnà. Lotus Elite ti 1957 jẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ fíbà, kò sí ṣáàsì irin lábẹ́ rẹ̀ bí ti àwọn tó kù. Lotus Seven, ní ọdún kan náà, ni wọ́n ń tà ní tútú fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé, nítorí owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun kò kan ọkọ̀ tí a kò tíì tò. Ní 1962 Lotus 25 wọ inú eré Formula 1 láìní ọ̀pá ṣáàsì. Páànù alumíníọ̀mù rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Gbogbo ayé ló tẹ̀lé e.

Kí n tó sọ ibi tí èyí já sí, ẹ jẹ́ kí n dá sí ìtàn kan tí gbogbo olólùfẹ́ ọkọ̀ mọ̀. Wọ́n ní ní 1934, nígbà tí òfin sọ pé ọkọ̀ ìje kò gbọdọ̀ ju kìló 750 lọ, Mercedes gbé ọkọ̀ funfun wá sí Nürburgring, òṣùwọ̀n sọ pé 751. Alfred Neubauer, ọ̀gá wọn, ní kí wọ́n ha ọ̀dà funfun náà kúrò lóru. Irin fàdákà yọ síta, ọkọ̀ di 750, ó sì gba ipò kìíní. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọfà Fàdákà. Ìtàn náà dùn létí! Àmọ́ Neubauer fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní 1958, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà. Àwọn òpìtàn tó yẹ ìwé ìròyìn ìgbà náà wò rí i pé eré ọjọ́ yẹn kò sí lábẹ́ òfin kìló 750 rárá. Ọkọ̀ Mercedes aláwọ̀ fàdákà ti sáré ní Berlin ní 1932. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìtàn tó bá dùn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sọ ọ́, àti ìgbà tó sọ ọ́.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni pé Mercedes kan náà ti lu ihò sí ṣáàsì ọkọ̀ SSKL ní 1931, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bí ajọ̀ ẹlẹ́kọ. Rudolf Caracciola fi gba Mille Miglia ní Ítálì lọ́dún yẹn. Ihò náà kò ba ṣáàsì jẹ́, nítorí àárín ọ̀pá irin kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ló ń jìyà. Ẹni tó mọ ibi tí ìyà wà lè lu ihò síbi tí kò sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, Roger Penske àti Mark Donohue tún gba ọ̀nà tó burú ju ti lílu ihò lọ. Wọ́n ri ara Chevrolet Camaro wọn sínú ásíìdì. Ásíìdì ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀ nínú àti níta, gbogbo páànù á fẹ́lẹ́ bákan náà, ojú kò sì lè rí i. Ní 1967 ọkọ̀ wọn fúyẹ́ ju ohun tí òfin eré náà gbà lọ. Òrùlé rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó ń hun jọ, ni wọ́n bá fi awọ fáínì bò ó mọ́lẹ̀ ní 1968 kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Porsche ní tirẹ̀ ṣe é ní gbangba: 911 R ti 1967 ní kápò, ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà fíbà, dígí rẹ̀ jẹ́ ike, ó sì jẹ́ bíi kìló 800. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá rí kápò fíbà lórí fóònù lónìí, irú rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí òkú wà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1955, ní Le Mans, Mercedes 300 SLR tí Pierre Levegh ń wà gun ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, ó fò, ó sì já lu ògiri tó wà níwájú àwọn òǹwòran. Ó lé ní ọgọ́rin èèyàn tó kú. Ẹ́ńjìnnì, kápò àti irin iwájú tó ya kúrò tó sì fò sáàárín èrò ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ náà jẹ́ àdàlù magnésíọ̀mù, nítorí ìfúyẹ́, magnésíọ̀mù sì ń jó pẹ̀lú iná funfun tó ń fọ́ ojú. Àwọn panápaná da omi sí i. Omi kì í pa iná magnésíọ̀mù, ńṣe ló ń bù sí i. Ó jó fún wákàtí púpọ̀. Mercedes kúrò nínú eré ìje ní ìparí ọdún yẹn, kò sì padà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ máa rò pé wọ́n ti gbọ́n. Ní 1968, Honda gbé RA302 dé, ọkọ̀ Formula 1 tí ara rẹ̀ jẹ́ magnésíọ̀mù. John Surtees tó ń bá Honda wakọ̀ dán an wò, ó sì kọ̀ ọ́. Ó ní ọkọ̀ náà kò tíì ṣeé fi sáré. Wọ́n gbé e fún Jo Schlesser, ará Faransé, ẹni ogójì ọdún, láti wà á nínú eré ilẹ̀ Faransé ní Rouen ní ọjọ́ 7 oṣù keje. Òjò rọ̀. Eré kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ̀ náà fi yọ̀ ní kọ́ńà, ó forí sọ òkè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, epo kún inú rẹ̀, magnésíọ̀mù gba iná. Schlesser kú síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Guy Ligier tó wá ń ṣe ọkọ̀ ìje lẹ́yìn náà fi JS, lẹ́tà méjì orúkọ Schlesser, sí orúkọ gbogbo ọkọ̀ rẹ̀.

Chapman ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún 1969, nínú eré Spéènì ní Barcelona, apá tí wọ́n gbé ga sórí Lotus méjèèjì kán níkọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ méjèèjì sì lọ gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Jochen Rindt wà nínú ọ̀kan. Ó kọ lẹ́tà sí Chapman ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó sọ nínú rẹ̀ ni pé ọkọ̀ Lotus yára débi pé bí wọ́n bá fi ìwọ̀nba kìló díẹ̀ kún àwọn ibi tí kò lágbára, yóò ṣì máa borí, àti pé òun kò lè wa ọkọ̀ tí ọkàn òun kò balẹ̀ sí. Ẹ gbọ́ o, kò ní kí wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ akẹ́rù. Kìló díẹ̀ péré ló ń tọrọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 1970, ní Monza, nígbà tí wọ́n ń sáré láti mọ ẹni tó máa wà níwájú, Lotus 72 Rindt yà sí òsì lójijì bó ṣe ń tẹ bíréèkì, ó wọ abẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nínú ọkọ̀ yẹn, bíréèkì iwájú kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà; wọ́n gbé e wọ inú ara ọkọ̀ kí táyà lè fúyẹ́, ọ̀pá kan tí inú rẹ̀ ṣófo ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀pá yẹn, ti ọwọ́ ọ̀tún, ló kán. Irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọn kò rì dáadáa náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Rindt kò de gbogbo okùn ìjókòó rẹ̀. Rindt kú. Máàkì tó ti kó jọ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó bá a mọ́ títí ọdún fi parí, òun nìkan sì ni wọ́n tíì fi jẹ olúborí àgbáyé lẹ́yìn ikú.

Mo ka Chapman sí ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́gbọ́n jù nínú iṣẹ́ ọkọ̀. Mo sì rò pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ kìló kúrò ju bó ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí ó dúró lọ.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ọkùnrin kan wà ní Mercedes, Béla Barényi, tó ń ronú nǹkan mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa rún nígbà ìjàǹbá, tí àárín rẹ̀, níbi tí èèyàn jókòó sí, máa le gan-an. Ní 1959 ọkọ̀ Mercedes àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ dé ọjà. Bí iwájú bá ń rún, ó ń jẹ agbára ìkọlù náà kí ó tó dé àyà èèyàn. Bí iwájú bá le tí kò rún, àyà èèyàn ló máa rún. Ẹ̀yin àgbà wa, èyí ni èsì agolo mílíìkì. Ọkọ̀ tí ẹ rí tó rún wómúwómú tí awakọ̀ rẹ̀ jáde tó ń fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́ yẹn.

Ọmọ kan tí mo ti kọ́ rí, tó ń kọ́ṣẹ́ tôlier báyìí, wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan gbé ọkọ̀ wá, ó ní ká yọ irin tó dábùú inú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé ó wúwo lásán. Ọ̀gá mi ti gbà á. Kí ni kí n ṣe?” Mo ní kó wọn irin náà. Ó lọ, ó padà, ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó kìló mẹ́wàá. Mo ní kó wá wọn ohun tó wà nínú bùútù ọkọ̀ oníbàárà náà. Ó rẹ́rìn-ín: jáákì méjì, táyà jíjẹrà méjì, àpò símẹ́ǹtì ààbọ̀ tó ti gan, agba omi. Ó ju kìló ọgọ́ta lọ.

Kápò fíbà, kò burú bí ìdè rẹ̀ bá dúró ṣinṣin tí kò ní ṣí sókè lójú ọ̀nà. Àga ẹ̀yìn, ẹ lè yọ ọ́ bí ẹ kò bá gbé èèyàn sẹ́yìn. Irin tí wọ́n gbé lé orí òrùlé fún ẹrù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kò bá kẹ́rù. Ṣùgbọ́n òpó tó gbé òrùlé dúró, ọ̀pá inú ilẹ̀kùn, irin tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí wọ́n de ìjókòó mọ́, àti gbogbo ohun tó jẹ mọ́ bíréèkì àti ìtọ́kọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ìgérin sún mọ́ wọn. Mo tún ń rí ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìgòlò tí wọ́n yọ gbogbo inú rẹ̀ dànù kí wọ́n lè rí àyè to kẹ́ẹ̀gì epo kpayo sí. Ìwúwo tí wọ́n yọ, epo bẹntiróòlù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, awakọ̀ sì jókòó sí àárín rẹ̀. Ẹ rántí Rouen.

Ọmọ náà sọ fún mi pé oníbàárà yẹn binú nígbà tí wọ́n kó ohun inú bùútù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní òun kò wá síbẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá mọ ibi tí Baby-Brousse kan ṣì wà ní agbègbè wa, ìbáà jẹ́ èyí tí adìyẹ ti ń sùn nínú rẹ̀, kó bá wa ya fọ́tò rẹ̀, kó ya ibi tí wọ́n ti de bóòlù mọ́ ọn náà. Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi.